Ilé, Kámẹ́rà àti Òrìṣà: Àyẹ̀wò Ìgbé-ayé Ojoojúmọ́ àti Èrò Rótìmí Fani-Káyọ̀dé (1955–1989)

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa Rótìmí Fani-Káyọ̀dé, ọmọ Yorùbá tí ó fi kámẹ́rà ṣe iṣẹ́-ọnà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún 1983 sí 1989, yóò rí i pé ọ̀nà méjì ni ó yá jù láti gbà dé ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti àṣà: kí ènìyàn wo òrìṣà, orí idẹ Ifẹ̀ àti ìbojú tí ó wà nínú fọ́tò rẹ̀, kí ó sì dákẹ́ lórí pé ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin ni ẹni tí ó yà wọ́n. Ọ̀nà kejì ni ti ìfẹ́: kí ènìyàn sọ irú ẹni tí ó jẹ́, kí ó wá ka òrìṣà àti orí idẹ sí ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ọ̀nà méjèèjì ni ó lè ṣini lọ́nà.

Kókó tí bébà yìí dúró lé ni pé ilé, ìfẹ́ àti òrìṣà kò ya ara wọn nínú ayé ọkùnrin yìí. Ibi tí ó ń gbé, ẹni tí ó bá gbé, àwọn ọ̀rẹ́ tí ó yà ní fọ́tò, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ nípa ara rẹ̀ ni yóò là wá lójú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá yọ ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí yóò kù sí i lọ́wọ́ kò ní jẹ́ iṣẹ́ Fani-Káyọ̀dé mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí ó ń ṣe ìwádìí lórí àṣà Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ Yorùbá kan fi Ṣọ̀pọ̀nná, Èṣù àti àbíkú ṣe kókó iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà ra iṣẹ́ náà. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kọ ìwé lé e lórí. Bí àwọn tí ó gbọ́ èdè àti ìṣe òrìṣà wọ̀nyí dáadáa bá fà sẹ́yìn nítorí pé ìgbé-ayé ẹni náà kò bá ìrètí àwùjọ mu, ìtumọ̀ òrìṣà Yorùbá yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè wọn.

2. Ọ̀rọ̀ àti Orúkọ

Kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń lò ní ìgboro fún ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ọkùnrin ni ó jẹ́ èébú, kò sì yẹ kí èébú di ọ̀rọ̀ ìperí nínú iṣẹ́ ìmọ̀. Nítorí náà, gbólóhùn aṣàpèjúwe ni bébà yìí ń lò: ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ọkùnrin, tàbí ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ‘fẹ́’ fúnra rẹ̀ tó àfiyèsí. Nínú ‘Òjó fẹ́ owó’, ohun tí ‘fẹ́’ ń tọ́ka sí ni pé ọkàn ẹni fà sí nǹkan. Nínú ‘Òjó fẹ́ Àìná’, ó lè jẹ́ pé ọkàn Òjó fà sí Àìná, ó sì lè jẹ́ pé Òjó ti gbé e níyàwó. Èdè kò fi ààlà lílé sáàárín ìfẹ́ àti ìgbéyàwó. Nítorí èyí, nígbà tí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ pé ọkùnrin kan fẹ́ ọkùnrin, ìyàwó, ọmọ àti ìdílé ni ọkàn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Ìbéèrè tí yóò bèèrè ni pé, ta ni yóò bímọ? Ta ni yóò jẹ́ orúkọ ìdílé?

Ní àwọn ìletò àti ìlú kéékèèké ẹ̀yìn Ìbàdàn, bí Ìrókò àti Mọ́níyà, kì í ṣe ẹni tí ọkàn ọ̀dọ́mọkùnrin fà sí ni àwọn àgbà ń bèèrè. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ìgbà tí àwọn yóò wá jẹ ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ tí ó wà fún ẹni tí kò ní ìyàwó ni ‘àpọ́n’, ọ̀rọ̀ yìí kò sì sọ ohunkóhun nípa ohun tí ó wà lọ́kàn onítọ̀hún. Àìní ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ó ń sọ. Ìdájọ́ àwùjọ lórí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá láti inú ojúṣe sí ìran ju kí ó wá láti inú ìwádìí ohun tí ó ń ṣe nínú iyàrá. Èyí yóò ṣe pàtàkì nígbà tí a bá dé orí èrò Fani-Káyọ̀dé.

3. Ìdílé àti Ìrìn-àjò

Ìlú Èkó ni wọ́n bí i sí ní oṣù Kẹrin ọdún 1955. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Olúwarótìmí Adébíyìí Wahab Fani-Káyọ̀dé. Ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ni baba rẹ̀, Olóyè Rẹ̀mí Fani-Káyọ̀dé, tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò àti òṣèlú, tí ó sì jẹ oyè Balógun Ifẹ̀. Ní 1963, baba yìí di igbákejì olórí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú ìjọba náà. Ọmọ ilé ńlá, ilé oyè àti ilé ìṣèlú, ni Rótìmí nígbà náà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń ní ìrètí púpọ̀ lórí ọmọkùnrin.

Ní òru ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn ológun dìtẹ̀ gbàjọba. Ní Ìbàdàn, wọ́n pa olórí ìjọba ẹkùn náà, Olóyè S. L. Akíntọ́lá. Wọ́n mú igbákejì rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́. Nínú ọdún náà ni ìdílé Fani-Káyọ̀dé kó lọ sí ìlú Brighton ní Ìlú Ọba. Rótìmí kò tíì ju ọmọ ọdún 11 lọ. Èyí fi hàn pé kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá ni ó ti di ẹni tí ìlú rẹ̀ tú mọ́ lórí. Àìrílégbé nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti orí irú ẹni tí ó fẹ́ràn. Orí òṣèlú ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ka ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Ìlú Ọba, ó sì kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1976. Ní Yunifásítì Georgetown ní ìlú Washington, ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́-ọnà pọ̀ mọ́ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. Lẹ́yìn náà, ó gba oyè kejì nínú iṣẹ́-ọnà àti fọ́tò yíyà ní Pratt Institute ní Brooklyn, ní New York, ní 1983. Ní New York ni ó ti mọ Robert Mapplethorpe, oníkámẹ́rà aláwọ̀ funfun tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí fọ́tò ìhòòhò ọkùnrin. Fani-Káyọ̀dé gbà pé òun rí nǹkan kọ́ lára iṣẹ́ àkọ́kọ́ ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn kò papọ̀, bí a ó ti rí i níwájú. Ní 1983 kan náà ni ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú.

4. Ìgbé-ayé Ojoojúmọ́ ní Brixton

Àdúgbò tí ó fi ṣe ilé ni Brixton, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ní òpópónà Railton Road. Òpópónà yìí nílò àlàyé, nítorí kì í ṣe ibi tí ó kàn bọ́ sí lásán. Àwọn ènìyàn dúdú láti erékùṣù Caribbean àti láti Áfíríkà ni ó pọ̀ ní Brixton. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1981, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà àti àwọn ọlọ́pàá, Railton Road sì wà lára ibi tí ìjà náà ti gbóná jù. Ní òpópónà kan náà ni ọ́fíìsì ìwé ìròyìn Race Today wà. Lókè ọ́fíìsì náà ni C. L. R. James, òǹkọ̀wé ìtàn ìjàgbara àwọn ẹrú ní Haiti, gbé títí ó fi kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1989.

Bákan náà ni àwọn ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ọkùnrin ti tẹ̀dó sí òpópónà yìí ṣáájú kí Fani-Káyọ̀dé tó dé. Láti 1974 sí 1976, wọ́n ní ibùdó ìpàdé kan níbẹ̀. Wọ́n tún wọ àwọn ilé òfìfo tí ó wà nítòsí, wọ́n ń gbé inú wọn papọ̀, wọ́n ń lo àgbàlá ẹ̀yìn wọn ní àjùmọ̀lò. Nígbà tí ó yá, àwọn ilé náà di ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilé gbígbé. Nítorí náà, lórí òpópónà kan ṣoṣo yìí ni ìjà àwọn ènìyàn dúdú àti ti àwọn tí ìfẹ́ wọn yàtọ̀ ti pàdé. Ó ṣòro láti rí ibòmíràn ní Ìlú Ọba nígbà náà tí ọmọ Ifẹ̀ yìí kò ti ní fi apá kan ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé.

Alex Hirst, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, ni olólùfẹ́ rẹ̀. Wọ́n jọ ń gbé, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ikú Fani-Káyọ̀dé, àríyànjiyàn dìde lórí ìwọ̀n ọwọ́ tí Hirst ní nínú àwọn iṣẹ́ ìkẹyìn. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí ẹni méjì bá jọ fi ilé kan ṣe, kì í rọrùn láti pín in sí méjì. Hirst náà kú ní 1992.

Inú ilé gbígbé ni Fani-Káyọ̀dé ti ń ya púpọ̀ nínú fọ́tò rẹ̀. Kì í ṣe àwọn tí wọ́n ń gbowó fún fọ́tò yíyà ni ó ń yà. Àwọn ọ̀rẹ́ àti àwọn olólùfẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn, nígbà mìíràn òun fúnra rẹ̀ sì ni. Ní 1988, ó ya Dennis Carney àti akéwì ọmọ Amẹ́ríkà, Essex Hemphill, papọ̀ ní Brixton. Àwọn ọkùnrin dúdú méjì ni wọ́n, wọ́n sún mọ́ra. Kò sí òrìṣà nínú fọ́tò yẹn, kò sí ìbojú. Ìbárẹ́ àti ìfẹ́ àwọn ọkùnrin dúdú méjì ni gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀, ìyẹn fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí kámẹ́rà kì í sábà yà nígbà náà.

Bí ènìyàn bá wo àkọlé àwọn iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn, yóò rí ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn láti máa fi ojú àti ọwọ́ ṣeré. ‘Grapes’ jẹ́ ti èso àjàrà, ‘Tulip Boy’ jẹ́ ti òdòdó, ‘Dan Mask’ jẹ́ ti ìbojú àwọn ẹ̀yà Dan ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. 1989 ni gbogbo wọn. ‘Adebiyi’, tí ó jẹ́ ti ọdún kan náà, jẹ́ orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́. Àwọn nǹkan tí ó lè wà lórí tábìlì nínú ilé ẹnikẹ́ni wà lára ohun èlò rẹ̀, àwọn nǹkan tí ó jẹ́ ti ojúbọ sì jókòó tì wọ́n. Nínú ilé náà, kò sí ògiri láàárín èkínní àti èkejì.

Kò gbé ilé bí adágbé. Ní 1986, iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìpàtẹ àwòrán àwọn oníkámẹ́rà dúdú tí ó wáyé ní Brixton Art Gallery. Ní 1988, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Sunil Gupta, Ingrid Pollard àti Armet Francis wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ àwọn oníkámẹ́rà dúdú sílẹ̀, wọ́n pè é ní Autograph. Òun ni alága àkọ́kọ́. Ọdún kan náà ni ìwé fọ́tò rẹ̀, Black Male/White Male, jáde. Ọdún kan náà sì ni ìjọba Ìlú Ọba ṣe òfin tí ó ka á léèwọ̀ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti ‘gbé’ ìfẹ́ irú èyí ‘lárugẹ’. Òfin ọdún 1967 ti gbà pé kí ọkùnrin méjì tí ó ti pé ọmọ ọdún 21 ní àjọṣe ní ìkọ̀kọ̀, ní England àti Wales. Ó tó ọdún 21 lẹ́yìn náà kí òfin tuntun yìí tó ní kí àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ má ṣe sọ ọ́ ní gbangba. Abẹ́ ìnira yìí ni àwọn iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jinlẹ̀ jù ti jáde.

5. Òrìṣà Nínú Fọ́tò

Iṣẹ́ mẹ́ta ni bébà yìí yóò yẹ̀ wò.

Èkínní ni ‘Bronze Head’ ti 1987. Ara ọkùnrin dúdú ni ó wà lókè, láti ẹ̀yìn, kò lórí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀; orí idẹ irú ti Ifẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní 1938 ni wọ́n hú àwọn orí idẹ Ifẹ̀ olókìkí jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti di àmì ọlá fún Yorùbá níwájú gbogbo ayé. Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tí ó bá rí fọ́tò yìí ni pé àbùkù ni. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni ìjókòó náà jọ pẹ̀lú. A lè kà á pé ọkùnrin tí ó kúrò nílé ní ọmọdé ń rọbí Ifẹ̀ láti inú ara rẹ̀, ara kan náà tí àwùjọ sọ pé kò lè bí ohunkóhun. Ìwé kíkà méjèèjì ni ó wà nínú fọ́tò náà, ẹni tí ó yà á kò sì yọ ọ̀kankan kúrò.

Èkejì ni ‘Sonponnoi’, ti 1987 bákan náà. Ọkùnrin kan tí wọ́n fi ọ̀dà tò lára ní tótòtó ni, ó sì gbé àbẹ́là tí ń jó síwájú ara rẹ̀. Ṣọ̀pọ̀nná ni Yorùbá mọ̀ sí òrìṣà ìgbóná. Wọn kì í fẹ́ pè é lórúkọ gan-an. Ọba ni wọ́n ń pè é, tàbí Olóde, tàbí Ọbalúayé. Ìjọba amúnisìn fòfin de ìsìn rẹ̀ ní 1917. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn ìgbóná ti tán nílé ayé. Ṣùgbọ́n ní 1981 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àìsàn tuntun tí ó ń pa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ràn ọkùnrin, èyí tí a wá mọ̀ sí éèdì. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ ni ‘Sonponnoi’.

Ọ̀rọ̀ tí àwùjọ Ìlú Ọba ní fún éèdì nígbà náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtìjú: wọ́n ń sọ pé èrè ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní fún ìgbóná yàtọ̀. Ó kún fún ẹ̀rù, ṣùgbọ́n ó kún fún ọ̀wọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí Ọba mú kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ dandan. Ẹni tí òrìṣà fọwọ́ kàn ni. Bí a bá fi ojú yìí wo fọ́tò náà, Ṣọ̀pọ̀nná kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ nínú rẹ̀ rárá. Òun ni ọ̀nà tí ọmọ Yorùbá kan rí láti sọ̀rọ̀ àìsàn tí ó wọ àárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, láìlo èdè ìtìjú tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá yọ ìfẹ́ kúrò nínú fọ́tò yìí kò ní mọ ìdí tí Ṣọ̀pọ̀nná fi wá. Ẹni tí ó bá sì yọ Ṣọ̀pọ̀nná kúrò kò ní mọ irú ọ̀wọ̀ tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ‘Abiku’ ti 1988. Àbíkú ni ọmọ tí ń wá tí ń lọ, tí àwọn òbí ń fi orúkọ bẹ̀: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run ń fà á, ìyá rẹ̀ láyé ń fà á. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹni tí ó ní ẹgbẹ́ níbì kan, tí ó sì ní ìyá àti baba níbòmíràn mu wẹ́kú. Ní àwọn ọdún tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan yìí, ọ̀rọ̀ àbíkú kì í ṣe àkàwé tí ó jìnnà. Àwọn òbí ń sin ọmọ.

6. Èrò Rẹ̀ Lórí Ara Rẹ̀

Ní 1988, Fani-Káyọ̀dé kọ àròkọ kan tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní ‘Traces of Ecstasy’. Níbẹ̀ ni èrò rẹ̀ ti hàn jù. Ó sọ pé ọ̀nà mẹ́ta ni òun gbà jẹ́ ará ìta: nínú ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, nínú jíjìnnà sí ilẹ̀ àti àṣà òun, àti nínú pé òun kò di ọmọ tí ó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, tí ó sì gbéyàwó, gẹ́gẹ́ bí àwọn òbí òun ì bá ti fẹ́.

Àwọn tí ó kà á ní òkèèrè lè dúró pẹ́ lórí èkínní àti èkejì. Lójú Yorùbá, ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Òun ni ó bá ohun tí ọ̀rọ̀ náà ‘àpọ́n’ ń sọ mu, bí a ti ṣàlàyé ṣáájú. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí òun ń ṣe nínú iyàrá nìkan ni ilé yóò bi òun; ilé yóò bi òun léèrè ìyàwó, ọmọ àti ipò. Ẹni tí àṣà Yorùbá kò yé kò ní ka èyí mọ́ gbèsè. Fani-Káyọ̀dé kà á, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Gbèsè tí ènìyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ kà, kò tíì sá fún un.

Èrò rẹ̀ kejì jẹ́ lórí àwòrán ara ọkùnrin dúdú. Ó bá àwọn aláwọ̀ funfun wí, títí kan àwọn olówó láàárín àwọn tí ó fẹ́ràn ọkùnrin, pé wọ́n ń sọ agbára ara ọkùnrin dúdú di àlọ́ fún ìgbádùn ara wọn, àti pé èyí kò sàn ju ojú tí àwọn amúnisìn fi wo Áfíríkà lọ. Ibí yìí ni ọ̀nà rẹ̀ ti yà kúrò lára ti irú Mapplethorpe. Ó ní àsìkò tó kí àwọn ènìyàn dúdú gba àwòrán ara wọn padà, kí wọ́n sì fi ètùtù sọ ọ́ di tiwọn. Ó tún sọ ọ́ láìfi bò pé àwọn ọkùnrin dúdú lè fẹ́ ara wọn, àti pé òtítọ́ tí wọn kò tíì sọ fún àwọn ènìyàn wọn tàbí fún àwọn aláwọ̀ funfun ni èyí.

Èrò rẹ̀ kẹta jẹ́ lórí òrìṣà. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ọgbọ́n tí àwọn olórìṣà Yorùbá ń lò láti jẹ́ kí òrìṣà gun ènìyàn, kí ara lè kọjá ara. Ó yin àwọn oníṣẹ́-ọnà Òṣogbo, pé wọn kò jẹ́ kí amúnisìn tuntun ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Ó sì sọ pé bí òun bá gbé ìpàtẹ òun wá sí Èkó, ìjà ìgboro lè bẹ́ sílẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ yìí gan ìlú rẹ̀. Ẹni tí ó ń ro bí wọn yóò ti gba iṣẹ́ òun nílé ni ó sọ ọ́, ẹni tí kò bá ka ilé sí kì í ro irú èyí.

7. Àríyànjiyàn Lórí Elégùn àti Òfin

Níbí ni ìkìlọ̀ ti yẹ. Ó rọrùn láti sáré sọ pé níwọ̀n ìgbà tí Fani-Káyọ̀dé so ìfẹ́ mọ́ gígùn òrìṣà, àṣà Yorùbá ti gba irú ìfẹ́ yìí látayébáyé. Wọ́n a máa tọ́ka sí elégùn Ṣàngó: ọkùnrin tí ó dirun bí obìnrin, tí ó wọ aṣọ obìnrin, tí a ń pè ní ìyàwó òrìṣà. J. Lorand Matory ṣe ìwádìí lórí èyí ní agbègbè Ìgbòho, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1994. Ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ kan náà, ‘gùn’, ni Yorùbá ń lò fún ẹṣin, fún òrìṣà àti fún ìbálòpọ̀. Ní 1997, Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí takò irú ìtumọ̀ tí ó ń fi akọ àti abo ṣe ìpìlẹ̀ ohun gbogbo. Ó ní ọjọ́ orí àti ipò àgbà ni Yorùbá àtijọ́ fi ń to àwùjọ, àti pé ‘ìyàwó’ jẹ́ orúkọ ipò ẹni tí ó wọlé wá bá ará ilé.

Ohun tí ó hàn gbangba ni pé ìyàwó òrìṣà kì í ṣe ẹ̀rí pé elégùn ń fẹ́ ọkùnrin. Elégùn Ṣàngó a máa ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Ṣùgbọ́n kò tún jẹ́ òtítọ́ pé àṣà Yorùbá kò mọ ọ̀nà mìíràn láti jẹ́ ọkùnrin yàtọ̀ sí ti ọkọ àti baba. Níwájú òrìṣà, ọkùnrin lè jẹ́ ìyàwó, ọ̀wọ̀ rẹ̀ kò sì ní dínkù. Fani-Káyọ̀dé kò sọ ju èyí lọ. Kò sọ pé àwọn baba ńlá òun ṣe bí òun ti ń ṣe. Ohun tí ó sọ ni pé wọ́n mọ ọgbọ́n kan nípa ara àti ẹ̀mí, òun sì jogún rẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ òfin. Òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀ ní 1916 ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí àjọṣe irú èyí ní gúúsù Nàìjíríà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún tiwọn ṣe ní 1967. Ti Nàìjíríà wà síbẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin mìíràn tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, àti ọdún 10 sórí ẹgbẹ́ wọn àti fífi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Àwọn tí ó fara mọ́ òfin yìí ń tọ́ka sí ẹ̀sìn àti àṣà. Èrò wọn lórí ìran àti ọmọ bíbí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí onímọ̀ fi rẹ́rìn-ín, nítorí èrò náà kan náà ni ó wà nínú ẹ̀kẹta gbèsè tí Fani-Káyọ̀dé kà sí ara rẹ̀ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ojúṣe sí ìran jẹ́ ọ̀ràn kan, ẹ̀wọ̀n sì jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Àpọ́n ni ilé ń pe ẹni tí kò gbéyàwó. Ilé a máa bẹ̀ ẹ́, a máa bá a jà, a máa bá a wá ìyàwó. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi sórí ìfẹ́ rẹ̀, inú ìwé amúnisìn ni ó ti kọ́kọ́ wá.

8. Ìkádìí

Fani-Káyọ̀dé kú ní ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kejìlá ọdún 1989. Àìsàn ọkàn ni ó gbẹ̀mí rẹ̀ nígbà tí ó ń gba ìtọ́jú àìsàn tí éèdì fà. Ẹni ọdún 34 ni. Iṣẹ́ tí ó fi orúkọ rẹ̀ múlẹ̀ kò tó ọdún méje. Ní 2003, àwọn fọ́tò rẹ̀ wà nínú ìpàtẹ ti Áfíríkà ní Venice, ní Ítálì. Ní 2019, W. Ian Bourland tẹ odidi ìwé jáde lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ohun tí àyẹ̀wò yìí fi hàn ni pé èrò rẹ̀ lórí ara rẹ̀ wá láti inú bí ó ti ń gbé: nínú ilé tí òun àti ẹni tí ó fẹ́ràn jọ ń gbé, lórí òpópónà tí ìjà méjì ti pàdé, láàárín àwọn ọ̀rẹ́ tí ó yà ní fọ́tò títí ikú fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn. Inú ilé yẹn ni ó pe Ṣọ̀pọ̀nná, àbíkú àti orí Ifẹ̀ wá, ó sì pè wọ́n ní orúkọ tí Yorùbá ń pè wọ́n.

Iṣẹ́ kù níwájú àwọn tí yóò tẹ̀ lé e. Àròkọ rẹ̀ ti 1988 yẹ ní títúmọ̀ sí èdè Yorùbá, kí a lè rí ibi tí ‘fẹ́’ àti ‘gùn’ yóò bá èrò rẹ̀ mu, àti ibi tí wọn kò ní bá a mu. Ó yẹ kí ẹni tí ó mọ ìṣe àwọn olórìṣà Ṣọ̀pọ̀nná jókòó ti ‘Sonponnoi’, kí ó sọ ohun tí ó tọ̀nà níbẹ̀ àti ohun tí kò tọ̀nà. Fani-Káyọ̀dé ro pé ìlú yóò dàrú bí òun bá gbé iṣẹ́ òun wá sílé. Kò gbé e wá títí ó fi kú. Àwọn tí ó ń kọ́ni ní èdè tí ó fi pe àwọn òrìṣà rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí kíka iṣẹ́ náà ní kíkún, láìyọ apá kan sílẹ̀.